Máńdólíìnì Tí Mo Gbé Lọ sí Mẹ́kà

Mo rántí ìgbà tí ìka mi máa ń ta mí bí ẹni fọwọ́ kan iná, nítorí okùn máńdólíìnì, gìtá kékeré olókùn mẹ́jọ tí dókítà ará Írẹ́lándì kan ń kọ́ mi ní Jẹ́dà. Ẹnjiníà ni mí, ilé ìwòsàn kan náà la jọ ń bá ṣiṣẹ́. Pólíkà ló ń kọ́ mi, orin ijó ìlú rẹ̀, tó máa ń yára bí ẹni tí òjò ń lé. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má dárà sí i, kí oníjó má baà ṣìjó. N kò gbọ́. Ọmọbìnrin mi kékeré máa ń wá jó díẹ̀, orí mi a sì wú.

Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí Mẹ́kà, mo gba yàrá ní àdúgbò Rusaifah, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ń wálé ní Jẹ́dà. Mo fi máńdólíìnì sílẹ̀. Mo ní kì í ṣe ìlú mímọ́ ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ lọ. Kò pẹ́, mo wọlé lọ́jọ́bọ̀ kan, ọjọ́ tí òpin ọ̀sẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mo bá ìyàwó mi tó ń ta pólíkà mi. Ìyàwó dókítà ló ti ń kọ́ ọ. Kò dárà kankan, ọmọ sì ń fò káàkiri pálọ̀, ó ń wí pé, "Kamáàn, màmá," ní èdè Lárúbáwá, pé kó tún un ta. Kò sọ kamáàn fún èmi rí.

Owú mú mi. Àwọn àgbà ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin kò dénú. Mo ti rò pé obìnrin nìkan ni òwe yẹn ń bá wí. Nígbà tí mo ń padà sí Mẹ́kà, mo gbé máńdólíìnì sí búùtù ọkọ̀.

Ìyàwó mi wò mí. "Àlàájì, ṣebí ẹ ní wọn kì í gbé e lọ sí Mẹ́kà?"

Mo ní mo fẹ́ máa fi dánra wò ni.

N kò ta á rárá. Wọ́n á pe ìrun, àwọn aládùúgbò á máa kọjá lọ sí mọ́sálásí, ojú á sì máa tì mí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo tọ́jú rẹ̀ sí bí ẹrù olè. Lọ́jọ́ kan mo pè sílé. Ọmọ ló gbé fóònù. Ó gbé e kalẹ̀ láìkí mi, kò pa á, ó padà sídìí ijó. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pólíkà náà. Ẹnu ni ìyàwó mi fi ń kọ ọ́, ó ń gbá tábìlì sí i, ẹsẹ̀ ọmọ ń dún gìrìgìrì nílẹ̀. "Kamáàn, màmá."

Mo dá máńdólíìnì padà sílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ ti dàgbà báyìí, ìyá rẹ̀ ṣì máa ń ta pólíkà lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn àlejò wa máa ń yìn mí pé mo mọ orin gbọ́, pé bí mo ṣe máa ń jókòó jẹ́ẹ́ yẹn dára. Wọn ò mọ̀ pé owú ló mú mi jókòó. Ẹsẹ̀ mi ni mo ń dì mú, kó má baà jó.