Àpòòwé Tí Ìyá Mi Kò Tú

Ní ìsọ̀ àwọn olóbì, ẹni tó bá tú ẹrù ti rà á nìyẹn. Bí o bá fa okùn agbọ̀n tí ìyá mi ti dì, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, kí o yáa máa ka owó ni. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí báǹkì fún un ní káàdì ATM, ó gbé àpòòwé náà wálé bó ṣe wà, ó fi ewé tó fi ń di obì wé e, ó sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ agbọ̀n. Mo ní kí n bá a tú u.

"Rárá o! Bí mo bá tú u, mo rà á nìyẹn. Ta ló ní kí wọ́n tà á fún mi?"

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, nígbà tó yá mo gbàgbé.

Lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ̀ kan ti bò, èkejì ń ṣú lọ. Dókítà dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Owó rẹ̀ wà ní báǹkì, obì ló fi kó gbogbo rẹ̀ jọ. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, a lọ gbà á, ni wọ́n bá ní kò tó ìdajì mọ́. Ẹnì kan ti fi káàdì ná an lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi ẹ̀rọ POS ní Àgọ́-Ìwòyè.

Ọ̀gá tó ń gbọ́ ẹ̀sùn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Màmá, káàdì yín àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín ni wọ́n lò. Ẹ̀yin lẹ fi wọ́n fún ẹnì kan. Báǹkì kò lè dá a padà."

Inú bí mi! Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kọ̀, kí n lè gbé e lọ bá ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn báǹkì. Ó rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ibẹ̀ ni pé èmi náà yíjú sí ìyá mi. "Màámi, ta lẹ fún ní káàdì?"

"Káàdì wo?"

"Èyí tí báǹkì fún yín nínú àpòòwé."

Ó pàtẹ́wọ́. "Àpòòwé inú agbọ̀n mi? Gbé mi relé!"

Ọ̀kadà kan ṣoṣo la gùn lọ gùn bọ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tilẹ̀kùn. Ìyá mi gbé ẹrù ewé náà lé tábìlì ọ̀gá, ó ṣí ewé kúrò. Àpòòwé nìyí, èdìdì rẹ̀ kò yẹ̀!

"Mẹ́ẹ̀ tú u, mẹ́ẹ̀ rà á!"

Ọ̀gá nawọ́ kó fà á ya. Ìyá mi gbá a lọ́wọ́. "Ẹni tó bá tú u ló rà á o!"

Gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ti Ìwòpin wá ní òun kò ní lọ títí òun yóò fi rí òpin rẹ̀. Mánéjà fúnra rẹ̀ jáde, ó tú u lójú gbogbo wa: káàdì wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wà lábẹ́ ìbòrí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì ha á.

"Ìwọ lo rà á," ìyá mi wí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fò!

Wọ́n gba ẹ̀sùn wa sílẹ̀ nínú ìwé lọ́jọ́ náà. Wọn kò sọ ẹni tó ná owó náà fún wa títí dòní, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pé padà nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé.

Nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì, ìyá mi ní "Alhamdulillah," ó wá tẹjú mọ́ mi, ó fọwọ́ kan orí mi.

"Ọmọn mi, ìgbà wo lo hewú?"

Ó ti tó ọdún mẹ́rin.