Ẹ Má Kí Ọkọ Mi Lójú Títì

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní àdúgbò ojú irin l'Óṣogbo ló mọ̀ pé èmi Àpìkẹ́ kì í sá fún ìjà. Ọmọ Iléṣà ni mí, ẹnu mi mú, mo sì ti fi ìgbálẹ̀ lé ọlọ́pàá jáde nínú ilé yìí rí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1972, títì tó wà níwájú ilé wa ń bà mí lẹ́rù ju ejò lọ. Ọkọ mi ló fà á. Sànúsí ni orúkọ rẹ̀, Bàbá Múyì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí Mùyídéènì ọmọ wa tó wà ní Kánò. Afọ́jú ni.

Iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tún ojú irin ṣe láti Òṣogbo lọ dé Ọ̀fà. Ní 1961 ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kí ọdún méjì tó pé, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pankẹ́rẹ́ hun ìjókòó àga, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní òdì kejì títì. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà ju ti ẹlòmíràn tó ríran lọ. Òun nìkan ló sì ń dá sọdá títì láràárọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń sọdá. Yóò dúró létí gọ́tà, yóò fi ọ̀pá kan ilẹ̀, yóò wá kọ etí ọ̀tún sí ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ tó sún mọ́ wa ti ń wá nígbà náà, nítorí apá òsì ni gbogbo mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà. Bí ọ̀tún bá dákẹ́, yóò rìn ẹsẹ̀ méje dé àárín, yóò kọ etí òsì, yóò sì rìn méje yòókù. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo máa ń tòògbé nídìí kẹrosíìnì tí mo ń tà lẹ́nu ọ̀nà.

Ni ìjọba bá ní àwọn fẹ́ yí ọ̀nà padà. Rédíò Amos télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa, la ti gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, apá ọ̀tún ni kí gbogbo mọ́tò máa gbà. Àwọn ọmọdé ń kọ “kíípù ráìtì” kiri bí orin ọdún. Ara tèmi tutù. Mo wo ọkọ mi níbi tó jókòó sí, mo ní, yéè! Etí tí ọkùnrin yìí fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di òpùrọ́.

“Bàbá Múyì, ẹ dúró sílé,” mo ní. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé àga wá bá yín níbí.”

“Títí dìgbà wo?”

“Títí ọkàn mi á fi balẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọkàn tìrẹ, Àpìkẹ́? Á jẹ́ pé wọ́n ti sin mí nìyẹn.”

Ó ní kí n wá kọ́ òun. Bí èmi àgbà obìnrin ṣe di lọ́rì ní àgbàlá ẹ̀yìn ilé nìyẹn. Mo ń fẹnu pariwo “vùùù” bọ̀ láti òsì, mo tún ń bọ̀ láti ọ̀tún. Làbákẹ́ yọrí lójú fèrèsé. Opó ni, ẹgbẹ́ mi ni, inú ilé kan náà la ń gbé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. “Lọ́rì yìí mà sanra o,” ó ní, “ẹ jẹ́ kó já ẹrù díẹ̀.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ orí ọkọ mi. Bí mo bá wá láti òsì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan á wà tó jẹ́ pé ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ yíjú sí. Lójú títì, ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọlọ́pàá kún ojú ọ̀nà, mọ́tò ń rọra rìn bí ìgbín, ọkọ mi sì gbà láti dúró sílé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó mú ọ̀pá rẹ̀. Mo tẹ̀lé e, mo bọ́ bàtà sílé kó má baà gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

Ó dúró létí gọ́tà, ó kọ etí òsì sí ọ̀nà. Mo ní Alihamdulilahi. Àsìkò náà gan-an ni Bàbá Cornelius, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, yọ ní òdì kejì. Ẹni iyì ni, kì í rí ènìyàn kó má kí i.

“Bàbá Múyì, ẹ kú àárọ̀ o! Ṣé dáadáa la jí? Ìyá Múyì ńkọ́?”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá tí a kọ́ nílé kò lè gbọ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ kó dákẹ́. Ọkọ mi gbójú sókè, ó yọ ẹ̀rín. “A dúpẹ́ o, ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin náà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?” Bó ti kí i tán, ó ti gbàgbé. Etí àtijọ́ ló padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ etí ọ̀tún sí ọ̀nà, ọ̀tún dákẹ́, ó sọ̀kalẹ̀. Lọ́rì tó kó pákó ń bọ̀ láti òsì.

Mo gbọ́ fèrè, mo gbọ́ bíréèkì, eruku sì bo gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ó ti tán. Ìtọ̀ bọ́ lára mi, n kò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ọkọ mi ti ṣubú sínú gọ́tà, ọ̀pá rẹ̀ wà lábẹ́ táyà, ó ti kán sí mẹ́ta. Dírẹ́bà yọrí, ó ń bú u.

“Àbí o fọ́jú ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ọkọ mi dáhùn.

Dírẹ́bà fa orí rẹ̀ wọlé.

Ojú ti Bàbá Cornelius. Ó ní láti ọ̀la lọ, òun ni yóò máa mú ọkọ mi sọdá. Ó wá lóòótọ́. Ó gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú, ó ń wọ́ ọ lọ. “Ẹ̀gbọ́n,” ọkọ mi ní, “èmi kì í ṣe àgbò iléyá o. Ẹ jẹ́ kí n di ìgbọ̀nwọ́ yín mú, kí ẹ̀yin máa lọ níwájú.” Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, làkúrègbé gbé Bàbá Cornelius dè sórí ibùsùn. Ọkọ mi sì ní òun kò lè máa retí ara ẹlòmíràn kó yá kí òun tó lọ síbi iṣẹ́.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí, ìkíni yẹn ló ń já mi láyà jù. Ni mo bá ń gba ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí ọkọ mi lójú títì. Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹ òdì kejì ná.” Háà, mo rí èébú! “Kí n rí àgbàlagbà kí n máa wò ó bí ẹran? Ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ẹ?” Obìnrin kan tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní òkú nìkan ni èèyàn ń rí tí kì í kí. Mo ní òkú gan-an ni ìkíni rẹ̀ fẹ́ sọ ọkọ mi dà. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ fún un nínú eérú, èmi tí n kì í bẹ ènìyàn.

Amos ló kọ́kọ́ gbà. Ó ní bí òun bá ti rí Bàbá Múyì létí gọ́tà, òun á pa rédíò, òun á sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Díẹ̀díẹ̀ àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ó wá di pé bí ọkọ mi bá ti dúró, gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì á pa lọ́lọ́. Bó bá ti gun òdì kejì tán, wọn á bú sí ìkíni, òun náà á sì máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ ìsọ̀.

Ẹ óò rò pé ọkàn mi wá balẹ̀. Ó tì o! Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn gan-an ló wá ń pá mi láyà. Láràárọ̀ mo máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn òpó ilé wa, mo ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ti rìn méje, ó wà ní àárín gbùngbùn, mo rí mọ́tò tó yọ ní kọ́nà. Ó ṣì jìnnà. Àyè wà fún un láti sọdá dáadáa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbà tí mo lanu.

“Bàbá Múyì o!”

Ọkọ mi dúró gbagidi. Ó yí sọ́dọ̀ mi, ó na ọwọ́, ó ń wá mi. Mọ́tò ń bọ̀. Èmi tí mo ti bẹ gbogbo ayé kí wọ́n dákẹ́, èmi ni mo dá ọkọ mi dúró síwájú ikú. Dírẹ́bà yà bàrá, ó fi táyà kan gun etí gọ́tà kọjá, afẹ́fẹ́ mọ́tò gbé etí ẹ̀wù ọkọ mi sókè. Amos sáré jáde. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó na ìgbọ̀nwọ́ fún un, wọ́n sì sọdá.

Nírọ̀lẹ́, n kò lè wo ojú rẹ̀, bí ẹni pé òun lè wo tèmi. Mo ní, “Ẹ bú mi.” Kò bú mi. Ó ní kí n jókòó.

“Àpìkẹ́, bí lọ́rì mẹ́wàá bá ń bọ̀, mo lè fi etí yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá ti ké, n kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìwọ nìkan ni mo ń gbọ́.”

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ó dájú pé Làbákẹ́ gbọ́ láti yàrá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ mi tó mú ọ̀pá, Làbákẹ́ wọlé pẹ̀lú àtẹ ẹ̀wà, ó ti ìlẹ̀kùn, ó jókòó tì mí. “Bá mi ṣa ẹ̀wà,” ó ní. Láti ìgbà tí ojú ọkọ mi ti fọ́, gbogbo ènìyàn ló ń bi mí pé báwo ni ara rẹ̀. Làbákẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá jókòó ti èmi.

Ìta dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti dé etí gọ́tà nìyẹn. Ẹ̀wà ń dà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Lójijì fèrè mọ́tò han gooro, bíréèkì ké. Mo fò dìde. Làbákẹ́ di ìró mi mú, ó fà mí lulẹ̀, ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

“Má ké,” ó ní. “Má ké, má ké.”

Mo ge ọwọ́ rẹ̀ jẹ, ẹ̀jẹ̀ yọ. Kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó pẹ́ lójú mi bí ọdún kan kí a tó gbọ́ ìkíni ní òdì kejì, àti ohùn ọkọ mi tó ń dáhùn. Ewúrẹ́ ló bọ́ sójú ọ̀nà.

Ó ti di ọdún keje báyìí. Làbákẹ́ ṣì ń wá, bí ó bá sì rìnrìn àjò, Amos á rán ìyàwó rẹ̀ wá jókòó tì mí. N kò tíì fojú kan ọkọ mi lójú títì láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí láràárọ̀, ó ń bà mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n mo ń pa ẹnu mi mọ́, ọkọ mi sì ń gbọ́ mọ́tò.