Aago Kékeré Ọlọ́wọ́ Pupa

Aago ọwọ́ méje ni mo ní nígbà tí a kó dé Festac. Inú agolo bisikíìtì kan ni mo ń kó wọn sí, mo fi òwú tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi máa ń bi mí pé ọwọ́ mélòó ni mo ní gan-an. Ọwọ́ méjì náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí kí n lè wọ̀ wọ́n ni mo ṣe ń kó wọn jọ. Ohun tó ń lọ nínú wọn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ìgbà tí bàbá mi ti fún mi ní aago rẹ̀ àtijọ́, nígbà tí mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà, ni mo ti máa ń gbé e sétí, tí mo máa ń rò ó pé kí ló ń sáré nínú ibẹ̀ yẹn, ta ló sì ń lé e?

Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń tàn lábẹ́ aṣọ ìbora. Òmíràn jẹ́ ti ayé òde òní, ọkọ mi ló rà á bọ̀ láti ìrìn àjò iṣẹ́. Kò ní ọwọ́ rárá. Téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà pupa á tàn yòò lójú dúdú rẹ̀, á sì tún kú. Gbogbo ará ilé wa ló wá wò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo tú u. Mi ò rí nǹkan kan tó ń yí níbẹ̀, àfi bátìrì pẹlẹbẹ méjì. Ó dùn mí díẹ̀.

Ọ̀dà ṣì ń rùn lára ògiri ilé nígbà yẹn. Àwọn àlejò tó wá ṣe ayẹyẹ àṣà ńlá tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ àdúgbò náà ti lọ, àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tí a rí ilé gbà sì ń kó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo kúlóòsì, àwọn òpópónà kéékèèké ibẹ̀, ló jọra. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kí ojú mi tó mọ̀nà.

Obìnrin kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì, akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ ìjọba. Ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Àǹtí ni mo ń pè é, ìyàwó lòun náà ń pè mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó kó ẹrù ọkọ rẹ̀ síta, ó ní kí àwọn aládùúgbò wá mú ohun tó bá wúlò fún wọn. Bàtà wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, fáànù orí tábìlì wà níbẹ̀. Inú àwo kékeré kan, láàrin bọ́tìnnì àti píìnì táì, ni mo ti rí aago náà. Aago obìnrin ni, kò fẹ̀ ju kọ́bọ̀ kan lọ, ojú rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì. Ọwọ́ rẹ̀ méjì jẹ́ dúdú, ṣùgbọ́n ìkẹta, ọwọ́ tíńrín tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, pupa ni.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé tiyín ni aago yìí?”

Ó kọ́kọ́ wojú mi ná. “Kì í ṣe tèmi. Kì í tiẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Mú un lọ, ìyàwó. Mi ò fẹ́ rí i mọ́.”

Bó ṣe sọ ọ́ kò jẹ́ kí n lè béèrè ohun tó kù. Mo dúpẹ́, mo gbé e gòkè lọ.

Mo fi ẹnu ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ìdérí náà, ẹnì kan ti fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó ha nǹkan síbẹ̀, lẹ́tà kan, nọ́ńbà mẹ́ta, àti àmì kan tó dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé e lọ sójú fèrèsé. Ta ló kọ̀wé síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i? Mi ò lè fọkàn sí iṣẹ́ mìíràn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí a jáde ilé ìwé, mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní Alákijà. Inú àpótí onígíláàsì kan tó gba èèyàn kan ṣoṣo ló máa ń jókòó sí. Etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, eyín ló fi ń mọ̀ bóyá aago ń rìn. Á rọra gbé e há eyín, á di ojú, á sì mi orí.

Ó ki awò kékeré bọ ojú kan, ó ṣí aago náà. Ó tẹ orí sí i, ó fi ìka nu ìdérí náà.

“Tíṣà,” ó wí, “níbo lẹ ti rí eléyìí?”

Mo gbóhùn sókè kó lè gbọ́ mi. “Aládùúgbò mi ló fún mi. Bàbá, kí ni wọ́n ha sínú rẹ̀ yẹn?”

“Gbogbo àwa tí à ń tún aago ṣe la máa ń ha àmì síbẹ̀. Tí aago bá padà wá, a ó mọ̀ pé ọwọ́ wa ti kàn án rí. Lẹ́tà yìí, ti ọ̀gá mi ni, ní Ìbàdàn, nọ́ńbà náà sì ni ti iṣẹ́ náà nínú ìwé wa.” Ó yọ awò náà lójú. “Ẹsẹ̀ ẹyẹ yìí, èmi ni mo ha á. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn.”

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan ló ni aago náà. Obìnrin náà ní òun kì í rí ọwọ́ kẹta dáadáa lójú àtùpà, nígbà tí òun bá ń ka bí ọkàn ọmọ tuntun ṣe ń lù. Ọ̀gá rẹ̀ wá ní kó kùn ún ní pupa.

“Ẹyọ irun búrọ́ọ̀ṣì kan ni mo fi kùn ún,” ó wí. “Odindi ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò lè gbàgbé e.”

“Níbo wá ni nọ́ọ̀sì náà wà?”

“Ó gbé e wá fún wa lọ́dún kan, kò padà wá gbà á. A gbọ́ pé ó kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wá gbà á, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, nínú yúnífọ́ọ̀mù. Ọ̀gá mi ní kó wáìńdì í kó wò ó bóyá ó ti dára. Ọwọ́ òsì ló fi ń yí i. Ọ̀gá mi la ẹnu láti bá a wí, ó wo ojú ọmọ náà, ó sì dákẹ́.”

Mo fi aago náà sílẹ̀ fún un kó tún un ṣe. Nígbà tí mo délé, ọ̀dọ̀ Àǹtí ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ó ń fọ ìrẹsì lọ́wọ́.

“Àǹtí, ẹ má bínú, ṣé ọwọ́ òsì ni Dádì wọn máa ń lò?”

Ó dá ọwọ́ dúró nínú omi. “Ta ló sọ fún ọ?”

Mo rò ó fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ. Kí n tó parí, ó ti ń mi orí. “Rárá o. Ìyá rẹ̀ wà láàyè ní Iléṣà. Aṣọ ló ń tà, kò ṣe nọ́ọ̀sì rí.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. “Ọdún mẹ́rìnlá ni ọkọ mi fi ń gbé aago obìnrin sápò àyà, ìyàwó. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo fi sílẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ń wo ọwọ́ gbogbo obìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí n lè mọ èyí tí aago rẹ̀ sọnù.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn ọmọ sọ́dọ̀ mi, ó wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà. Ọjọ́ Àìkú ló dé, ojú rẹ̀ wú. Ó ní màmá náà sunkún nígbà tí òun béèrè. Ìyàwó bàbá ọkọ rẹ̀ ni màmá tó wà ní Iléṣà. Ìyá tó bí ọkọ rẹ̀ àti bàbá náà ti kọ ara wọn tipẹ́, ìyá náà ń ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí ní Ìbàdàn, òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló jọ ń gbé. Nígbà tó kú, wọ́n mú ọmọ náà wá sí Iléṣà.

“Màmá ní ọjọ́ tó dé, ó ń sunkún, kò jẹun,” Àǹtí wí. “Wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n ní, ‘Ó tó. Láti òní lọ, èmi ni ìyá rẹ, má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ìyá mìíràn lẹ́nu ẹ mọ́.’ Wọ́n ní àwọn fi tù ú nínú ni. Àwọn ò mọ̀ pé ó máa mú un bẹ́ẹ̀ títí ayé rẹ̀.”

A jọ lọ sí Alákijà láti gba aago náà. Ó ti ń rìn, ọwọ́ pupa náà ń yí. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú gíláàsì, ó bi bàbá náà pé, “Báwo ni obìnrin náà ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́?”

Bàbá náà ronú. Ó ní òun ò rántí ojú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ lòun, òun kì í wo kọ́sítọ́mà lójú. Ọwọ́ rẹ̀ lòun rántí, ó gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. “Ó sì máa ń kí mi kó tó kí ọ̀gá mi,” ó wí. “Ìyẹn máa ń bí ọ̀gá mi nínú.”

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ó tún fi ìdí gèlè nu ojú. Mo gbé aago náà lé e lọ́wọ́. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, òun ti fi ta mí lọ́rẹ. Mo ní mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí nínú rẹ̀, òótọ́ ni mo sì sọ.

Lójú ọ̀nà, ó sọ fún mi pé ohun tó ń dun òun jù kì í ṣe pé òun fura sí ọkọ òun. Pé òun ò bi í lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ fún àwọn ọmọ pé wọ́n ní ìyá àgbà mìíràn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ojú tì í, kò mọ̀ ọ́n. Ó tún padà lọ sí Iléṣà nígbà ọlidé láti lọ béèrè. Lórí àtẹ̀gùn wa ló ti pàdé mi lọ́jọ́ tó dé, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ orúkọ náà fún mi. Ó ní kí n pè é kí òun gbọ́ bó ṣe máa rí lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo pè é. Ó ní kí n tún un pè.