Oríkì Pamílẹ́rìn Lórí Òkè Wales

Ilé ìfọṣọ kan ní River Road ni Olúbùsọ́lá ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ló ń ká. Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí i sí, Becontree ní ìlú òyìnbó ló ń gbé, kò sì gun òkè kankan rí. Nígbà tí Pamílẹ́rìn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní kí àwọn jọ lọ pàgọ́ sórí òkè ní Wales nígbà ooru, eré ló pè é.

"Àdúrà wo la fẹ́ lọ gbà níbẹ̀?"

"Kì í ṣe àdúrà, Mọ́mì. Họ́lídè ni. A kàn máa rìn, a máa jẹun, a máa sùn."

"Nínú tẹ́ǹtì? Èmi tí mo ní bẹ́ẹ̀dì nílé?"

Ṣùgbọ́n ó lọ. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti kó lọ sí Castle Green, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ara wọn, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ju "ṣé o ti jẹun" lọ. Olúbùsọ́lá di ata díndín àti gààrí sínú báàgì, wọ́n gbéra.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Pamílẹ́rìn ní òun fẹ́ lọ ya fọ́tò lókè téńté. Orúnkún ń dun ìyá rẹ̀, ó jókòó ti tẹ́ǹtì. Kò pẹ́ tí ọmọ lọ tí kùrukùru fi sọ̀kalẹ̀, ó bo òkè, ó bo ọ̀nà. Fóònù ò lọ.

Ó pariwo orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sí ìdáhùn. Ẹ̀rù bà á gan-an, nítorí ó ti rí i lánàá pé ọ̀gbun wà lápá òsì. Igbe á tán lẹ́nu òun, ó rò ó, ṣùgbọ́n oríkì kì í tètè tán. Ló bá dìde, ó kọjú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ náà bí ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń ki òun, ó fi oríkì ọmọ náà pè é: Àjọkẹ́, ọmọ tí a jọ kẹ́ tí kò bàjẹ́. Ó ki í dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan dáhùn láti apá ọ̀tún. "Mọ́mì, ẹ má dákẹ́. Mo ń bọ̀."

Kò dákẹ́. Ohùn ọmọ náà ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ nínú kùrukùru, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Wọ́n dì mọ́ra.

Nígbà tí tíì gbóná, Pamílẹ́rìn ní, "Mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́. Ohùn yín ni mo ń tẹ̀ lé. Ta ni Àjọkẹ́?"

"Ìwọ ni. Ìyá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lo ní kí n má pè ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ."

Ọmọ náà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ kọ́ mi ní gbogbo ẹ̀."

Wọ́n fi ọ̀sán ọjọ́ náà ṣe é. Ahọ́n Pamílẹ́rìn ń kọsẹ̀, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Olúbùsọ́lá ti ra bàtà ìgunkè báyìí. Ó ń rọ àwọn ìyá mẹ́ta kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọn ò tí ì gbà, ṣùgbọ́n òun àti ọmọ rẹ̀ ti ń wá tẹ́ǹtì tó lè gba èèyàn márùn-ún.