Fọ́ọ̀mù Méjì ní Jobele

Òórùn ọ̀dà tuntun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì owó orí ní Jobele, òun àti òórùn ẹ̀gẹ́ tí ẹnì kan sá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lóde. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn ọ̀dà, àyà mi á já. Lọ́jọ́ náà, mo pọn ọmọ mi, mo rò pé ó ń sùn, mo sì ń bẹ̀rù pé lílù tí àyà mi ń lù yẹn á jí i.

Wọ́n ti ń wí kiri Fìdítì pé wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan pa ní Ìlọra nítorí owó orí. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń bọ́ èmi àti ọmọ. Ọlọ́kadà tó gbé mi tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà: "Ìyá ọmọ, ẹ má gbọ̀n mọ́ jàre, ọ̀kadà mi ti ń bá yín gbọ̀n." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ orí ètè lẹ̀rín yẹn mọ.

Fọ́ọ̀mù méjì ló wà lórí tábìlì, ọ̀kan fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, èkejì fún ẹni tó gba òṣìṣẹ́. Ìwọ náà wò ó: ọmọbìnrin mẹ́ta ló ń jókòó nídìí maṣíìnì mi, ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí, inú ìkòkò mi ni wọ́n ti ń jẹun. Kí ló tún ń jẹ́ òṣìṣẹ́? Mo mú èkejì. Mo kọ ọ́ títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti béèrè iye tí mo ń san fún wọn lóṣù, ni ọwọ́ mi bá dúró. Tí mo bá kọ pé n kì í san nǹkan kan, ṣé wọn ò ní sọ pé mo ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹrú? Tí mo bá sì purọ́ pé mo ń sanwó fún wọn, ṣé wọn ò ní gba owó orí tiwọn mọ́ tèmi? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro èyí tí màá dá padà sílé nínú wọn. Èyí tó ń jẹun jù ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Omi lé ròrò sójú mi.

Obìnrin tó wà nídìí tábìlì, tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, rọra gba bíírò lọ́wọ́ mi. Ó bi mí pé ta ló mú àwọn ọmọ náà wá.

"Àwọn ìyá wọn ni, mà. Iṣẹ́ ni wọ́n wá kọ́."

"Ìwọ lò ń sanwó fún wọn, àbí àwọn ló sanwó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ?"

"Àwọn ni, mà."

"Kí lo wá ń sunkún sí? Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ kì í ṣe ẹni tí o gbà síṣẹ́. Mú èyí àkọ́kọ́, kí o ka owó ìkọ́ṣẹ́ yẹn mọ́ owó tó ń wọlé fún ọ. Kí o sì sọ ọmọ yẹn kalẹ̀, o ti fún un jù."

Nígbà tí mo tú ọ̀já, ọmọ mi ti lajú kalẹ̀, ó ń wò mí. Kò tiẹ̀ sùn rárá.

Èyí tó ń jẹun jù yẹn ló kọ́kọ́ parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí a ṣe fìríìdọ̀mù fún un, mo ṣàdúrà àlùbáríkà sí i lórí, mo wá sọ fún un létí pé, "Tí o bá dé Jobele tí ẹ̀rù bà ọ́, má tíì kọ nǹkan kan. Kọ́kọ́ béèrè." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá òun ti tún dé. Kò mọ̀ pé lọ́jọ́ tí èmi lọ síbẹ̀, owó orí ò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi tí ẹ̀rù ti fẹ́ gba òun.