Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Òdìkejì

Nígbà tí èmi ṣì kéré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ọ̀sà wà nítòsí, ẹ̀gbọ́n ẹni wà lẹ́yìn ẹni, ó sì lè ti ènìyàn sómi nígbàkigbà. Bí o bá ti jáde, o ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ nìyẹn. Àwa ọmọkùnrin Ẹbútè Èrò a máa díje láti etí omi wa títí dé Ìddó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Kátà. Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìddó ló yege. Bí o bá ti gun òkè, wàá fún omi ara ṣòkòtò rẹ, wàá gbé ọwọ́ sókè, lẹ́yìn náà gbogbo wa á fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá padà sílé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ wẹ̀ padà. Kí la fẹ́ wẹ̀ padà fún nígbà tí afárá wà? Àwọn ìyá wa a máa pariwo pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. À ń gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n omi ti kún etí wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: nínú ẹgbẹ́ wa, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jiyàn, kó lọ wá àwọn tó kù nínú wa kàn.

Bàbá mi ń ta aṣọ ní Ọjà Balógun, èmi sì ni àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé girama, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó ń wo ìgàn aṣọ tó ti pẹ́ jù nínú àpótí. Ó ní mo ti ka Kùránì, mo ti mọ ìwé kà, mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọjà. Kí ló tún kù? Ṣọ́ọ̀bù ń dúró dè mí. Èmi kò sì fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ni mo fẹ́, mo fẹ́ ẹ débi pé mo máa ń lá a lálàá.

Àsìkò yẹn gan-an ni ilé-ìwé kan ní Accra pe ilé-ìwé wa pé kí a wá bá àwọn ṣeré ìdárayá. Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, ẹnu gbogbo ènìyàn sì wà lára ìlú náà. Ẹni tó bá ti dé Accra, ó ti rí ayé. Tíṣà tó ń mójú tó eré wa ní òun nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Bàbá mi ní irú ilé-ìwé wo ló ń kó ọmọ lọ wẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè? Ó rò ó, ó tún un rò. Níkẹyìn ó pè mí lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

“Máa lọ,” ló wí. “Tó o bá borí, wàá máa bá ìwé ẹ lọ. Tí wọ́n bá wá nà ẹ́, Balógun ni kó o ti wá bá mi. Ṣó yé ẹ?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ó yé mi. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ta ló fẹ́ na ọmọ Ẹbútè Èrò nínú omi?

Lọ́rì la wọ̀. A gba ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé kọjá, eruku sì mú kí irun gbogbo wa pọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Pópó Àgùdà ló jókòó tì mí. Òun ni gólì wa nínú bọ́ọ̀lù, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní kí gbogbo wa ṣe àdéhùn kan: ohunkóhun tí a bá rí ní Accra, ọmọ Èkó kankan kò gbọdọ̀ lanu. Ẹni tó bá lanu ti dójú ti Èkó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, a rí ohun tó tó lanu fún. Títì fẹ̀, ó mọ́ bí ẹni pé wọ́n ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Iná tò lọ rẹrẹẹrẹ. Àwọn ènìyàn ń rìn bí ẹni tó ni ilẹ̀, torí pé wọ́n ti gba ilẹ̀ wọn lóòótọ́. Èyí ló wọ̀ mí lára jù. Àwa ò tíì gba tiwa nígbà náà, mo sì jowú wọn. Ṣùgbọ́n a pa ẹnu dé. Nígbà tí wọ́n gbé kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo wọn tó máa ń kan, síwájú wa, ọ̀rẹ́ mi tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ kò yí padà, ó ní, “Ẹ̀kọ ni. Inú ló kàn ń bí i.”

Wọ́n nà wá nínú bọ́ọ̀lù. Gólì wa ní oòrùn ló wọ òun lójú, bẹ́ẹ̀ ìkùukùu ló bo ojú ọ̀run lọ́jọ́ náà. Wọ́n nà wá nínú eré sísá. Ó wá ku omi, ó ku èmi, ó sì ku ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ tó ń retí mi.

Láti ìgbà tí a ti dé ni mo ti ń wá ọ̀sà wọn. Kò sí ọ̀sà. Kòtò gígùn kan ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, omi inú rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣé èyí náà ni wọ́n torí rẹ̀ gbé mi wá láti Èkó? Tíṣà wa kò sí nítòsí, òun àti dírẹ́bà ń fa ọ̀rọ̀ táyà lẹ́nu géètì. Àwọn onílé kò ṣàlàyé ohunkóhun, torí lójú tiwọn, kò sí ọmọ ènìyàn tí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi náà kò béèrè, torí lójú tèmi, kò sí ọmọ ènìyàn tí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Wọ́n fọn fèrè, mo bẹ́ sómi. Kò sí ìgbì, kò sí koríko tó ń lọ́ mọ́ni lẹ́sẹ̀, kò sí ọkọ̀ apẹja tí mo ní láti yà fún. Mo dé òdìkejì nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo di etí sìmẹ́ńtì mú, mo gun òkè, mo ní alihamudulilai. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fún omi ara ṣòkòtò mi dáadáa, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ariwo sọ. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń hó fún, mo sì tẹríba díẹ̀, bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé àwọn tó kù ti fọwọ́ kan ògiri, wọ́n sì ti yí padà síbi tí a ti gbéra.

“Padà sómi jàre!” Ọ̀rẹ́ mi ló ń ké. “Réèsì ò tíì tán o!”

Mo tún bẹ́ sínú omi. Inú ń bí mi burúkú, ìbínú sì máa ń mú kí ènìyàn wẹ̀ dáadáa. Mo kọjá ẹnìkan, mo kọjá ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣáájú ti débẹ̀ kí n tó dé. Adájọ́ eré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti jáde kúrò nínú omi, kò sí nínú eré mọ́. Gbogbo ilé-ìwé náà bú sẹ́rìn-ín. Ojú kò tì mí, torí mo ti dé kí wọ́n tó dé, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí Balógun.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà lé òun lọ́wọ́: òun á sọ fún Bàbá mi pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé òdìkejì, òun á sì dákẹ́ síbẹ̀. Mo ní rárá. Lọ́jọ́ tí Bàbá bá gbọ́ ìyókù lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣọ́ọ̀bù gan-an á kéré sí ohun tí ojú mi máa rí.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi bá Bàbá níwájú ilé lẹ́yìn ìrun alásàrì, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí fèrè dórí ẹ̀rín adájọ́. Kò gbójú sókè.

“Wọ́n ní kó o wẹ̀ padà?” ni Bàbá mi bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Padà síbo?”

“Síbi tá a ti gbéra, sà.”

Ó gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. “Kí ni wọ́n wá kúrò níbẹ̀ fún?”

Ó kọjú sí ọ̀nà ọ̀sà. “Èmi náà ti dé Ìddó rí, kí wọ́n tó bí ẹ. Kò sẹ́ni tó ní kí n padà wá kó tó gbà pé mo débẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ dé òdìkejì?”

“Èmi ni, sà.”

“Ọ̀rọ̀ ti tán. Lọ fọ yúnífọ́ọ̀mù ẹ.”

Títí di ọjọ́ náà, n kò mọ̀ pé Bàbá mi mọ̀ ọ́n wẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ọ̀rẹ́ mi ní tiẹ̀ la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Ó ní Accra nìkan ni àdéhùn wa dé.

Mo ka ìwé náà títí mo fi di lọ́yà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń lọ sí kóòtù ní Igbosere, n kì í sì í bẹ́ sínú ẹjọ́ kankan láìkọ́kọ́ béèrè ibi tí òpin rẹ̀ wà. Accra ló kọ́ mi.

Ayé ti yí báyìí. Ibi tí a ti ń bẹ́ sómi, wọ́n ti rọ yanrìn dí i, mọ́tò ló ń sáré lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ mi ní tíṣà ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n ní awò ojú àti fìlà rọ́bà, omi tí wọ́n ń wẹ̀ mọ́ ju èyí tí à ń mu nígbà náà lọ. N kò bú wọn. Ọ̀sà gbé lára àwọn ẹgbẹ́ wa lọ tí a kò rí wọn mọ́, ó sì ń dùn mí di òní. Tiwọn dára ju tiwa lọ. Bí mo bá sìn wọ́n lọ, mo máa ń gbé àga mi sí òdìkejì, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan ògiri tí wọ́n sì ń yí padà.

Èyí tó kéré jù nínú wọn ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó fi gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ mi. Mo dìde, mo na ọwọ́ sí i. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì gun òkè. Tíṣà rẹ̀ fọn fèrè títí. Àwa méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, à ń fún omi ara ṣòkòtò rẹ̀.