Ojú Ìwé Tó Ń Kí Mi

Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní àdúgbò Gadumo ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti jọ kọ́ PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ fún wa ni ojú ìwé kan tó máa béèrè orúkọ èèyàn, tó sì máa kí i. Gbogbo kíláàsì kọ ẹ káàbọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ọmọ Yàgbà kọ "Okun o", bá a ṣe ń kíra nílé. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí. "Ìwọ yìí, o ò lè fi abúlé sílẹ̀!" Ọmọ ìlú kan náà sì ni wá o.

Olùkọ́ ní inú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan tó wà níbi tó jìnnà, ni ohun tá a bá kọ ti ń ṣiṣẹ́. Èsì nìkan ni ẹni tó bá ṣí ojú ìwé máa rí. Kò ní rí kóòdù, ìyẹn ohun tá a kọ gan-an, kò sì ní mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mi ò sì ronú kàn án mọ́.

Nígbà tó yá, iléèwé kan ní Felele ń wá ẹni tó máa bójú tó ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí kálukú ṣe tiẹ̀ wá. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe tèmi, mo sì fi "Okun o" ṣe ìkíni rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi náà fẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ó ní òun fẹ́ wo kóòdù mi kí òun lè tún tòun ṣe. Mo fún un ní pásíwọ́ọ̀dù tí mo fi ń ṣí i. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún ẹni tá a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan?

Lọ́jọ́ tá a lọ fi tiwa hàn níléèwé náà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé. Nígbà tó kàn mí, ọ̀gá tó jókòó wò mí tìyanu-tìyanu. "Màdáámù, 'Okun o' yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹni tó jáde."

Háà! "Sà, ẹ jẹ́ kí n ṣí kóòdù, orúkọ mi wà ní ìlà àkọ́kọ́." Mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù, kò ṣí. Mo tún un tẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti yí i padà! Ojú olè ni wọ́n fi wò mí títí mo fi jáde.

Mo bá a lẹ́nu géètì. Ó ní, "Má bínú, mo nílò iṣẹ́ yìí jù ẹ́ lọ." Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lójú ẹ̀, mi ò sì tíì dárí jì í. Òun náà ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ ọ̀hún fún.

Lọ́dún yìí, ọmọ mi fẹ́ wọ iléèwé yẹn. Bàbá ẹ̀ ló yàn án, kì í ṣe èmi. Mo jókòó nílé ní Karaworo, mo ṣí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn lórí fóònù, mo sì tẹ orúkọ mi síbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ òbí. Ojú ìwé náà ní "Okun o", ó sì fi orúkọ mi tì í.

Látọjọ́ géètì yẹn, ọ̀rẹ́ mi ò kí mi mọ́. Ojú ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ yẹn nìkan ló ń kí mi.